Ọmọrí Àwo Obì àti Ọwọ́ Ìyá

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́kàn bí egungun ẹja ṣe ń há sọ́fun. Ọ̀rọ̀ ọmọrí ni. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yíyí igi, ìyẹn fífi irin gé igi bí ẹ̀rọ ti ń yí i, bá ṣe àwo obì, tó ṣe ọmọrí rẹ̀, tó gbé e fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń ṣe. Wọ́n á fa ọmọrí, wọ́n á sì tẹ́tí. Bó bá dún “pọ́” bí ìgbà tí a ṣí ìgò, wọ́n á mirí, wọ́n á ní iṣẹ́ ti jọ iṣẹ́. Bí kò bá dún, wọ́n á gbé e padà fún un láìsọ nǹkan kan. Ìyá tí wọ́n ṣe àwo náà fún kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Ọwọ́ tí yóò máa ṣí i lójoojúmọ́ kọ́ ló ṣí i.

Ẹ fojú inú wò ó. Àlejò wọlé ní Kétu, nílẹ̀ Benin, ó ti jókòó, wọ́n ti bu omi fún un. Ìyá àgbà fa àwo obì sún mọ́ra, ó di kókó orí ọmọrí mú, ó fà á, gbogbo àwo bá a gòkè. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ ìdí àwo mọ́lẹ̀, ó tún fà á. Nígbà tó yá, ó kọjú sí ọmọ tó wà nítòsí: “Gbà, bá mi ṣí i.” Ohun tí wọ́n ṣe láti fi yẹ́ ẹ sí ti di ohun tó ń tú àṣírí ìka rẹ̀ níwájú àlejò. Bẹ́ẹ̀, lójú oníṣẹ́, iṣẹ́ náà kò lábùkù.

Ọmọ ni wọ́n ń pè é

Nínú èdè wa, apá kékeré tó ń bá apá ńlá ṣiṣẹ́, ọmọ la máa ń pè é: ọmọ odó, ọmọ ọlọ, ọmọrí ìkòkò. Bí ọmọ odó bá wúwo ju apá ẹni tó ń gúnyán lọ, kò sẹ́ni tó máa yìn ín pé igi rẹ̀ dára. Wọ́n á ju ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á wá òmíràn. Bí ọmọ ọlọ kò bá bá àtẹ́lẹwọ́ mu, ata kò ní kúnná. Ọmọrí nìkan la wá ń yìn nítorí pé ó le. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó fà á, inú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ló kọ́kọ́ yẹ ká sọ, torí ẹni tó bá ṣi igi mú, kò sí bó ṣe lè gé e tí yóò fi dáa.

Igi tí a óò mú

Àwo tí mò ń sọ kò tóbi. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, ó ga ní 14 pẹ̀lú ọmọrí, obì márùn-ún sí mẹ́fà ló máa gbà. Àwo tí a fi ń gbé obì fún àlejò ni, kì í ṣe èyí tí a fi ń tọ́jú obì. Obì tí a fẹ́ tọ́jú, inú ewé tútù ni ilé rẹ̀. Bí ẹ bá sé e mọ́ inú igi gbígbẹ, igi á fa omi ara rẹ̀, obì á gbẹ, inú àwo á sì bu.

Ìtì igi tó fẹ̀ ní 12 sí 12, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 18, ló tó. Kí iṣan igi dúró lóòró, bí ti odó. Kí ọkàn igi má sì sí nínú rẹ̀ rárá. Ọkàn igi ni ojú kékeré tó rọ̀ tó wà láàárín ìtì. Bí igi bá ti ń gbẹ, ibẹ̀ ni yóò ti sán, ìlà sísán náà á sì tàn káàkiri ìdí àwo bí ìtànṣán oòrùn. Kí a tó lè rí ìtì 12 láti inú ìdámẹ́rin igi láìkan ọkàn rẹ̀, igi náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ìdí nìyí tí tẹ́ẹ̀kì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn káàkiri gúúsù Benin, tí wọ́n ń gé fún òpó àti òrùlé, kò fi ṣeé lò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó pọ̀ tó. Àjákù igi ńlá ni kí ẹ wá. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ilé iṣẹ́ àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn àti ibùsùn kì í ṣàìní irú àjákù bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, àyàfi bí àwọn tó ń dáná bá ti kó o lọ.

Tẹ́ẹ̀kì tó ti dàgbà dára, àmọ́ ó ní ohun kan tó dà bí yanrìn nínú tó ń jẹ ẹnu irin; ẹ ó máa pọ́n irin yín lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí igi mìíràn yóò ti gba ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀gànwó pupa dáadáa, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ kọjú síbí kọjú sọ́hùn-ún, ó sì máa ń fa ya bí irin kò bá mú. Ìrókò ń kọ́? Àwọn kan kò ní fọwọ́ kàn án nítorí Olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí kò ka ìyẹn sí, kó mọ̀ pé eruku rẹ̀ ń da àyà láàmú, àti pé òkúta máa ń wà nínú igi náà, òkúta gidi, tó lè fọ́ ẹnu irin lójijì. Igi ọ̀mọ̀, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé. Fífúyẹ́ yẹn gan-an ni àléébù rẹ̀ níbí: àwo tó bá fúyẹ́ á bá ọmọrí rẹ̀ gòkè.

Tèmi, igi apá ni mo fara mọ́ jù. Ó wúwo, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí sún kì bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ẹ kàn ṣọ́ aṣọ funfun: bí apá bá rí omi, àwọ̀ ìyeyè kan máa ń jáde lára rẹ̀ tó ń ba aṣọ jẹ́. Láti ọdún 2022 ni apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ ìwé àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, nítorí pé wọ́n ti ń tán nínú igbó. Ìdí mìíràn rèé tí àjákù fi sàn ju kí a wó igi lọ.

Yíyípo kì í pẹ́ lára igi

Ohun tí ẹ̀rọ bá yí kò ní wà ní yíyípo títí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi oníṣẹ́. Igi máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, kì í sì í sún kì bákan náà níbi gbogbo. Lóòró, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún rárá. Láti ọkàn igi jáde sí èèpo, ó ń sún díẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé òrùka ọdún rẹ̀ yípo, ó ń sún tó ìlọ́po méjì ìyẹn, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ̀kì tútù tí a sá gbẹ pátápátá yóò fi bíi 2.5 nínú 100 dín lọ́nà àkọ́kọ́, yóò sì fi 5 sí 6 dín lọ́nà kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi í sí ara àwo wa. Ọrùn àwo, ibi tí ọmọrí ń wọ̀, fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9.5. Ká ní Àjàṣẹ́ la ti ṣe é nínú òjò oṣù kẹfà, lẹ́bàá ọ̀sà, a sì gbé e lọ fún ìyá ní Sábẹ (Savè), ní àárín Benin, nígbà ọyẹ́, tí ètè ń bẹ́, tí ewé ń gbẹ. Bí omi inú igi bá fi 4 nínú 100 dín, ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn yẹn á sún ní bíi mìlímítà 0.7, ẹ̀gbẹ́ kejì á sún ní 0.3. Ọrùn ti di ẹyin nìyẹn. Ọmọrí náà ti di ẹyin. Bí ẹyin méjèèjì bá kọjú síbì kan náà, wọ́n á wọ ara wọn. Bí ìyá bá dé e ní ìdábùú, ibi tí ọmọrí ti há jù á kan ibi tí ọrùn ti fẹ̀ jù, mìlímítà 0.4 á sì wà tí kò ríbi gbà. Àwo tó ń dún “pọ́” ní oṣù kẹfà kò ní dé ní oṣù kejìlá, tàbí kó dé kó má ṣeé ṣí.

Àwọn kan ní kí a fi àmì sí i kí ìyá lè máa to ìlà igi pọ̀ kó tó dé e. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wá àmì lórí àwo obì nígbà tí àlejò jókòó?

Nígbà tí ọmọrí bá wọ ọrùn

Iṣẹ́ náà pín sí ẹ̀ẹ̀mejì, oṣù ló sì wà láàárín. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ gbé ìtì sáàárín ṣónṣó méjèèjì ẹ̀rọ, èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní tour. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yíyípo 700 sí 800 ní ìṣẹ́jú kan títí igi fi máa rí roboto, kí ẹ tó sáré sí i dé 1,200 sí 1,500. Ẹ gé ẹsẹ̀ kúkúrú sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kó gùn ní mìlímítà 8, kí eyín ìdìmú ẹ̀rọ lè rí i há. Ẹ wá gé ìtì sí méjì: sẹ̀ǹtímítà 5 fún ọmọrí, èyí tó kù fún àwo.

Ẹ gbẹ́ inú méjèèjì, kí ògiri ṣì nípọn ní mìlímítà 13 sí 15. Nítorí pé iṣan igi dúró lóòró, àárín ni kí irin ti bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀ síta. Ẹni tó bá ti etí wọ àárín ń dojú kọ iṣan, irin á sì máa já igi jẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi irin ìlugi lu ihò kan láàárín títí yóò fi ku mìlímítà 12 sí ìdí, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó dúró. Ọ̀pọ̀ àwo ló ti di òrùka nítorí pé ẹnìkan ò lu ihò yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìda yọ́yọ́ pa ojú tí iṣan igi ti là, ẹ rì wọ́n sínú àpò èérún igi, ẹ gbé wọn síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára rẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀n kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbẹ. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀bùn fún ọjọ́ ìbí oṣù tó ń bọ̀, kó lọ ra aṣọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọrí la ń kọ́kọ́ parí ẹnu rẹ̀. Ẹ gé ẹnu yẹn kó jìn ní mìlímítà 8, kí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, kó má dà bí ẹnu àgbá tó ń fẹ̀ síta. Ọmọrí ló ṣáájú nítorí ó rọrùn láti gé ọrùn lára níta ju kí a máa gé inú ihò lọ. Ẹ wá gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Ẹ gé ọrùn rẹ̀ kó ṣe ṣónṣó díẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ọmọrí kàn án bí ẹ̀rọ ti ń yí jẹ́jẹ́, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ ó rí òrùka dúdú tó ń dán lára ọrùn: ibi tí méjèèjì ti pàdé nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n yín. Láti ibẹ̀ lọ, fífẹ́lẹ́ ni gígé, bébà kan lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ibí gan-an ni ohun tó há mi lọ́kàn ti tú. Nígbà tí ọmọrí bá wọ ọrùn, iṣẹ́ òkè ọmọrí kò tíì parí. A ṣì máa gé ẹsẹ̀ ìdìmú rẹ̀ kúrò, a máa gbẹ́ kókó rẹ̀, a máa fi sáńpépà dán an. Kò sí ohun mìíràn tó di ọmọrí mú lórí ẹ̀rọ lásìkò yẹn ju ọrùn àwo lọ. Bí kò bá le, á fò dànù, bóyá sójú ẹni. Ìdí tó fi ní láti le nìyẹn. Ẹ̀rọ ló fẹ́ kó le. Líle yẹn dà bí pákó tí bíríkìlà fi gbé òkè ilé ró kí kankéré tó gbẹ: bí ilé bá dúró, wọ́n á tú pákó. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ yọ ọmọrí, ó gbọ́ “pọ́”, orí rẹ̀ wú, ó sì pa ẹ̀rọ. Pákó ṣì wà lábẹ́ òkè.

Gígé tó kù

Ẹ má pa ẹ̀rọ. Bí òkè ọmọrí bá ti parí, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí méjèèjì tutù di ọjọ́ kejì. Ooru sáńpépà máa ń mú etí igi gbẹ lójijì, ìwọ̀n tí a bá mú nígbà tó gbóná, irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gé ọrùn sí i títí àlàfo mìlímítà 0.4 yóò fi wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.8 lápapọ̀. Ẹni tí kò ní irin ìwọ̀n tó já bẹ́ẹ̀, kó to ewé bébà ìkọ̀wé mẹ́rin léra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.4 ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́lẹ́. Ẹ rántí 0.4 tí ọyẹ́ yóò gbà nígbà tí ọmọrí bá wà ní ìdábùú, pẹ̀lú 0.8, ààyè ṣì kù. Ẹ gé igun etí ọrùn kúrò díẹ̀ kí ọmọrí lè máa rí ọ̀nà rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, kódà nínú òkùnkùn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ọ̀gá kì í tètè sọ fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ gé ọrùn ní dídẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi bébà ìnuwọ́ wé e kí ẹ tó ti ọmọrí wọ̀ ọ́. Bébà yẹn á dì í mú lórí ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ya á kúrò. Kí ṣónṣó ìdí ẹ̀rọ ṣì máa ti ọmọrí títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kí kókó parí. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ tètè fa irin sẹ́yìn, torí bó bá dé lójijì tí irin ṣì wà lára igi, bébà kò ní gbà yín. Ìbòjú, apá aṣọ tó ká sókè, ìborùn tí a fi sílẹ̀ nílé: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ní ti kókó, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó ga ní 2, kó sì ní ìbàdí lábẹ́ tí ìka lè há sí. Kókó róbótó kékeré tó rẹwà ń yọ̀ mọ́ ìka tó ti le lọ́wọ́. Ìdí àwo ni kó nípọn jù, mìlímítà 10, kó wúwo nísàlẹ̀. Ògiri ní 6 sí 7. Ẹ gbẹ́ abẹ́ ìdí sínú díẹ̀, kó lè máa fi etí jókòó, torí ìdí pẹrẹsẹ á fẹ̀yìn bó bá ń gbẹ, àwo á sì máa jó lórí tábìlì.

Ìdánwò tó wà fún un kò ní ohùn. Ẹ fi epo pupa pa ìka méjì ọwọ́ òsì, kí ẹ fi wọ́n gbé ọmọrí. Bí àwo bá mì, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ.

Orí tí yóò rù ú

Ará Kétu kò nílò kí a kọ́ ọ pé a lè fi igi yẹ́ ìyá sí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ayígi dé ilẹ̀ yìí. UNESCO kàn wá kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àjogúnbá tó tayọ ní 2001 ni, kí wọ́n tó fi sínú àkójọ wọn ní 2008. Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Àwọn ìyá wa la ń tù nínú. Gbogbo ẹni tó wà lójú agbo ló ń wo ojú ère igi tí oníjó rù, ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà mọ apá kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò: inú tó gbẹ́ sí i. Orí òkè ni ère náà ń jókòó sí, aṣọ bo ojú oníjó, bí inú kò bá sì gba orí ẹni tó rù ú, ijó ti bàjẹ́ kí ìlù tó dún. Ẹwà òde jẹ́ ti agbo. Inú jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo.

Bí mo bá ń wo àwo obì báyìí, mo máa ń rò pé ìyìn ẹlẹgbẹ́ ni òde rẹ̀, àlàfo 0.8 yẹn sì ni inú ère. Kò sí ẹlẹgbẹ́ tó máa yìn ín. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ rò pé ọwọ́ oníṣẹ́ ló yẹ̀.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́

Òróró tó ń gbẹ ni kí ẹ fi pa á, bí òróró irúgbìn lin tí àwọn tó ń ta ọ̀dà ń tà: ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọjọ́ méjì wà láàárín, kí ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù dànù. Àkísà tí ẹ fi nù ún, ẹ sá a lọ́kọ̀ọ̀kan níta. Bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Àdín, epo pupa àti òrí kì í gbẹ, wọ́n á máa gba eruku, wọ́n á sì máa rùn lọ́jọ́ iwájú. Ọrùn àti ẹnu ọmọrí, ẹ má fi òróró kàn wọ́n, torí òróró ń wú, ó sì ń nípọn, á jẹ àlàfo tí ẹ fi sùúrù gé. Ìda oyin díẹ̀ tó.

Ẹ gbé e fún ìyá láàárín òjò bí ẹ bá fẹ́. Bí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá dé, ẹ ká sáńpépà 240 kan sápò kí ẹ tó lọ kí i. Bí obì bá ti kúrò nínú àwo, ẹ ní: “Ìyá, ẹ jẹ́ n wo ọmọrí yẹn.” Ẹ yí i ní ìdábùú lórí ọrùn rẹ̀. Bó bá kan, ẹ ó rí òrùka dúdú yẹn, tó ń dán, níbi méjì tó kọjú síra wọn. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn.